Kò Sí Obìnrin Tó Kọrin Lójú Òkun

Ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́fà ni Bùkárì kà dé tó fi ju ìwé náà mọ́ ògiri. Kò rọra jù ú o. Gbogbo agbára apá ọ̀tún rẹ̀ ló fi jù ú, apá tó fi fa okùn ọkọ̀ òkun fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ìwé bá aago ara ògiri, aago bọ́ sílẹ̀, ó fọ́.

Ṣàkírátù, ìyàwó rẹ̀, fi ẹ̀gẹ́ tó ń bẹ lẹ́yìnkùlé sílẹ̀, ó sáré wọlé tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Bàbá Sheriff, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n purọ́ mọ́ Àfísù!"

"Àfísù wo?"

"Àfísù mélòó la ní? Àfísù mi! Àfísù tí mo fọwọ́ ara mi mú wọ inú ọkọ̀!"

Ṣàkírátù wo aago, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó ń ka ìwé tó ń fọ́ aago rí, ó sì padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí inú ń bí báyìí. Ọmọ Ẹsìẹ́ ni Bùkárì, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Bàbá Sélọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí òun nìkan ló ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun nílùú náà tó sì padà wálé wá jókòó. Odò tí wọ́n ní ní Ẹsìẹ́ kì í kún dé orúnkún lọ́wọ́ ẹ̀rùn, láti ibẹ̀ dé etí òkun sì gba odidi ọjọ́ kan nínú mọ́tò. Bí ọmọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ẹni tó ń sùn lórí omi, iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé e dé Èkó, ó rí ọkọ̀ ńlá kan ní Àpápá, ó sì gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Wọ́n gbà á mọ́ àwọn tó ń fọ ọkọ̀, tó ń ha irin rẹ̀, tó sì ń kùn ún lọ́dà. Ọdún 1979 nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, ó wálé wá mú Àfísù, ọmọ agbolé tó kángun sí tiwọn, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí, ó sì bá a wáṣẹ́ sínú ọkọ̀ kan náà. Ìyá Àfísù sunkún lọ́jọ́ náà. Bùkárì ní kí ó fọkàn balẹ̀, ojú òun ò ní kúrò lára ọmọ rẹ̀.

Inú ọkọ̀ yìí ni Bùkárì ti di ọ̀kàwé. Àpótí onígi kan wà níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, ó kún fún ìtàn àròsọ òkun lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú wọn fi sílẹ̀. Ó kà wọ́n tán, ó tún wọn kà. Kò sí èyí tó kà nínú wọn tí àwọn ará Gíríìkì ayé ọjọ́un ò sí nínú rẹ̀. Bí ìjì bá jà, wọ́n á ní Pósídónì, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì, ló fi ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta rẹ̀ ru omi sókè. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá ṣìnà, wọ́n á fi wé ọba Gíríìkì kan tó fi ọdún mẹ́wàá wá ọ̀nà ilé. Bí obìnrin bá sì fi lè kọrin létí omi, ẹ má wulẹ̀ béèrè, Sáírénì ni, àwọn obìnrin abìyẹ́ tí ń fi orin fa atukọ̀ sínú ikú. Nítorí wọn ni ọba yẹn ṣe ní kí àwọn èèyàn òun fi ìda oyin di etí, kí wọ́n sì so òun mọ́ òpó ọkọ̀. Bùkárì fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, á máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún Àfísù. Àfísù á rẹ́rìn-ín títí, á ní àwọn Gíríìkì yìí mà kúkú mọ irọ́ pa o.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bùkárì tó rí nǹkan mìíràn nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn. Òkun ló máa ń jẹ̀bi níbẹ̀. Ọkọ̀ rì, òrìṣà ló bínú. Atukọ̀ kú, àyànmọ́ ló pè é. Ẹni tó ni ọkọ̀, tó mọ̀ pé ọkọ̀ òun ti gbó, tó tún kó ẹrù àkójù sí i, kò sẹ́ni tó ń mú un. Bùkárì rí i, kò sì kà á sí. Ìtàn ni, ó sì dùn.

Àfi ìgbà tí Fọlárìn dé. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Fọlárìn, ó ń kọ́ni nílé-ìwé gíga kan, ó sì ń kọ ìtàn àròsọ ní Yorùbá. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ló wá bá Bùkárì pẹ̀lú fóònù tó fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ ìtàn òkun tí ọmọ Ìgbómìnà á jẹ́ olórí rẹ̀. Inú Bùkárì dùn, ó fi ọjọ́ mẹ́fà sọ̀rọ̀. Ó sọ bí ariwo ẹ́ńjìnnì ṣe ń wọnú eegun èèyàn, ó sọ ti èébì oṣù àkọ́kọ́, ó sọ ti ìlú òtútù tí itọ́ ti ń dì kó tó délẹ̀. Nígbà tí Fọlárìn béèrè Àfísù, gbólóhùn kan ló fi dá a lóhùn.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Má kọ tiẹ̀."

Fọlárìn mi orí. Bùkárì rò pé ó ti gbọ́ nìyẹn.

Ìwé ti jáde báyìí o. Sátidé ni ìkójáde rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán, Fọlárìn sì ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Bùkárì ṣáájú. Pósídónì ti wọlé lójú ìwé kẹrin, Bùkárì rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí náà ti ka irú ìwé inú àpótí ọjọ́un. Ó ń kà á lọ, ó ń gbádùn rẹ̀, títí ó fi kan ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́fà. Níbẹ̀, lábẹ́ òṣùpá, obìnrin abìyẹ́ mẹ́ta jókòó lórí àpáta láàárín òkun, wọ́n ń kọrin. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fi ìda di etí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ẹsìẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àfísù (Fọlárìn ò tilẹ̀ yí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ padà!), yọ ìda tirẹ̀ sọnù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bẹ́ sómi. Pósídónì fi ọ̀kọ̀ la òkun fún un, ó gbà á ní àna. Ọ̀rọ̀ náà dùn bí oyin lẹ́nu, adùn yẹn gan-an ló sì ń ṣe Bùkárì bíi kó pariwo.

Irọ́ ni! Irọ́ tó jìnnà sóòótọ́! Ìkọ́ irin ló pa Àfísù. Ìkọ́ tó gbé ọkọ̀ kékeré dání lára ọkọ̀ ńlá, èyí tí wọ́n fi ń sá là bí ọkọ̀ ńlá bá ń rì, ló ti dógùn-ún dénú, ló sì kán lójú ọ̀sán gangan níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kékeré náà dánra wò. Kò sí òṣùpá, kò sórin, kò sí àpáta. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ mọ̀ pé ìkọ́ náà ti bàjẹ́. Ìwé wá jáde lónìí, òrìṣà Gíríìkì ló ń bá wọn ru ẹ̀bi.

Ní òwúrọ̀ Wẹ́sìdeè, Bùkárì gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Fọlárìn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń máàkì iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bó ṣe rí Bùkárì, ó dọ̀bálẹ̀, ó fa àga fún un.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ti kà á?"

"Ta ló ní kí o fa Àfísù lé Pósídónì lọ́wọ́?"

Fọlárìn rẹ́rìn-ín. Kò tíì mọ̀ pé ìjà ló dé.

"Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ̀ ọ́n jù. Àwọn tó ń kọ ìtàn òkun káàkiri ayé ló ń yá nǹkan lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì. Kí ló dé tí ti Yorùbá ò fi ní yá? Mo fẹ́ kí ọmọ Ìgbómìnà náà bá ọba Gíríìkì jókòó, kí wọ́n jọ ṣẹgbẹ́."

"Jókòó níbo? Inú omi lo jù ú sí!"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ará Ẹsìẹ́ lẹ máa ń sọ pé àlejò ayé àtijọ́ ló di òkúta, ère wọn sì wà ní múṣíọ̀mù yín títí dòní. Tí èèyàn bá lè di òkúta, kí ló wá le nínú obìnrin tó ń kọrin?"

Bùkárì fọwọ́ gbá tábìlì. Ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọ́n ká ilẹ̀.

"Àwọn tó di òkúta, a mọ ibi tí wọ́n wà! Wọ́n jókòó síbẹ̀, ọmọ aráyé ń wọlé lọ wò wọ́n! Àfísù dà? Fi Àfísù hàn mí nísinsìnyí! Ìkọ́ irin ló pa á, Fọlárìn. Ìkọ́ tó ti dógùn-ún! Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló mọ̀ pé ó ti dógùn-ún tó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ka ìwé rẹ yìí, wọ́n á fi lẹ́tà ọpẹ́ ránṣẹ́ sí ọ!"

Fọlárìn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rọra ń ṣa ìwé nílẹ̀, nígbà tó sì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ìkọ́ wo, Bàbá? Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìkọ́ fún mi rí. Ẹ ní kí n má kọ tiẹ̀, ó yẹ kí n gbọ́, mo mọ̀, àmọ́ mi ò gbọ́. Mo lọ bá Safiyyah, ọmọ rẹ̀. Ó ní ìyá àgbà òun sọ fún òun pé àwọn obìnrin kan ń kọrin nínú òkun, bàbá òun sì tẹ̀lé wọn lọ. Mo ní ta ló sọ fún ìyá àgbà. Ó ní ẹ̀yin ni."

Bùkárì jókòó.

"Kò yé mi bí ìtàn Sáírénì ṣe dé Ẹsìẹ́," ni Fọlárìn ń sọ lọ. "Mo rò pé iṣẹ́ ìyanu ni. Mo kàn dá a padà fún àwọn tó ni ín ni."

Òótọ́ ni. Òun ni. Nígbà tó gbé àpótí aṣọ Àfísù wálé lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn àgbà agbolé pàdé rẹ̀ lẹ́yìn ìlú kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá. Ní ìgbà náà, wọn kì í sọ ikú ọ̀dọ́ fún ìyá rẹ̀ ní tààràtà. Wọ́n á kọ́kọ́ ní ara rẹ̀ ni ò yá, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n á ní ó ṣì ń gba ìtọ́jú, títí ìyá á fi mọ̀ fúnra rẹ̀. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é. "Kò bí òmíràn," ni wọ́n sọ fún Bùkárì. "Wá ọ̀rọ̀ tí kò ní pa á bá a sọ." Bùkárì sì wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, ó la ẹnu, ohun tó wà nínú àpótí ìwé ló jáde. Ó ní àwọn obìnrin kan wà lójú òkun, orin wọn dùn, Àfísù ti bá wọn lọ. Ó rò pé tó bá máa fi di oṣù kan, ìyá á mọ̀, bí gbogbo ìyá ṣe ń mọ̀.

Ìyá ò mọ̀. Ó gbà á gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé, "Ṣé ó ń jẹun níbẹ̀?" Bùkárì ní ó ń jẹun. Nígbà tí Alfa Abdulkadir wá, tó ní ká ṣe fídáù, àdúrà tí à ń ṣe fún òkú, ìyá lé e jáde tìbínútìbínú. Ó ní ta ló ń ṣe fídáù fún ẹni tó ń jẹun. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń bu oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì kú láìmọ̀. Ìyàwó Àfísù ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní Òkè-Onígbìn, Safiyyah nìkan ló kù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé kéú sì ń pè é ní ọmọ ọkọ àlùjànnú. Gbogbo ìgbà tí Bùkárì bá wálé ló ń gbọ́ ọ, ó sì ń dákẹ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Àfísù ti wà nínú òkun, láìsí ẹni tó ṣàdúrà òkú fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìbínú tó gbé Bùkárì wá sí Ọ̀mù-Àrán ò tán o. Ó kàn yí ojú padà ni, òun fúnra rẹ̀ ló wá kọjú sí.

"Bàbá," ni Fọlárìn wí, "Safiyyah ló máa ka ojú ìwé yẹn lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti ń fi kọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ó dáadáa."

Bùkárì dìde. Ọ̀kadà tó gbé e wá ló tún gbé e padà, ẹnu ṣọ́ọ̀bù Safiyyah ló sì bọ́ sí. Télọ̀ ni Safiyyah, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ìwé náà wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń ran aṣọ, ó ń mi ètè. Ó kúnlẹ̀ kí Bùkárì, ẹ̀rín gba ojú rẹ̀ kan.

"Bàbá Sélọ̀! Ẹ ti ka ìwé wa? Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ sáà mọ bí wọ́n ṣe fi ojú mi rí màbo nílùú yìí. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ mi, ìyá rẹ̀ ní kí n má kó ohun inú omi wọlé àwọn. Ọ̀gá tó kọ ìwé yìí wá ṣàlàyé fún mi pé ọba ńlá ni àwọn tó rí ohun tí bàbá mi rí, pé wọ́n ń kọ wọ́n sínú ìwé káàkiri ayé. Màá kà á sókè lọ́jọ́ Sátidé. Kí obìnrin yẹn wá jókòó síwájú kó gbọ́!"

Bùkárì wò ó. Tó bá kí i kú oríire tó bá tirẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ ní Sátidé, inú ọmọ á dùn. Ohun tó ti ń ṣe látọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà nìyẹn, inú sì bí i sí i.

"Safiyyah, kò sí obìnrin kankan. Irọ́ ni mo pa. Bàbá rẹ kú. Ọjọ́ tí mo ní ó bá wọn lọ yẹn, ó ti kú."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Iṣẹ́ mi ni kí n máa ha irin ọkọ̀, kí n sì máa kùn ún. Mo fi òòlù kan ìkọ́ tó gbé ọkọ̀ kékeré dání, ó ń bọ́ ní ìpele ìpele, ó sì ti sán nínú. Mo lọ sọ fún igbákejì ọ̀gá ọkọ̀. Ó ní àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la, kí n fi ọ̀dà kùn ún."

"Ẹ wá ṣe kí ni?"

"Mo kùn ún. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń dán. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí èèyàn mẹ́rin wọnú ọkọ̀ kékeré, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú àwọn aláyẹ̀wò. Bàbá rẹ wà nínú mẹ́rin náà."

"Ẹ̀yin dà?"

"Mo dúró níbẹ̀."

"Ẹ sọ fún un pé kó má wọ̀ ọ́?"

Bùkárì wolẹ̀. "Mi ò sọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí iṣẹ́ má bọ́. Ìkọ́ kán, ọkọ̀ dojú dé. A fa mẹ́ta jáde. Bàbá rẹ ti forí gbá ara ọkọ̀ ńlá, a ò rí i mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yọ̀ ṣubú ni, mo fọwọ́ sí i, mo sì tún bá wọn ṣiṣẹ́ ọdún méje."

Safiyyah dìde. Ó gbé ìwé náà, ó fà á ya, kò sì tíì ya tán tó fi jù ú sí Bùkárì láyà.

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Ìyá àgbà mi kú, ó ń dúró dè é! Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín nílé kéú, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín lọ́jà, ìwọ ń gba iwájú ilé wa kọjá, ìwọ ń rẹ́rìn-ín sí mi!"

Kò sí ọmọdé kankan ní Ẹsìẹ́ tó ti fi "ìwọ" pe Bùkárì rí. Kò bá a wí. Safiyyah ń mí gúlegúle, ó nu ojú nù, ó sì gbé ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ.

"Ọjọ́ wo ló kú?"

"Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 1995. Ọjọ́ Túsìdeè ni."

Ó kọ ọ́ sórí tábìlì. Ó wá fóònù, ó pe Alfa Abdulkadir tó ti di arúgbó báyìí. Ó ní, "Alfa, bàbá mi ti kú. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe fídáù rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí." Alfa béèrè nǹkan kan, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dá òun lójú. Ó pa fóònù.

"Màá wá," ni Bùkárì wí. "Èmi ni màá mú àgbò wá."

"O ò ní wá. Bí mo bá rí ọ níbẹ̀, màá ní kí wọ́n dá àdúrà náà dúró. Sátidé ni kí o wá. Mi ò ka ojú ìwé kankan mọ́. Ìwọ ni wàá dìde síwájú gbogbo wọn, níwájú ọ̀gá tó kọ ìwé, wàá sọ fún wọn ẹni tó pa bàbá mi. Má sì bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ o. Ara rẹ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Bùkárì ní òun ti gbọ́. Ó wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tiraka láti wọ̀ ọ́, Safiyyah sì ti ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn lẹ́yìn.